Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ tó wádìí ilẹ̀ abẹ́ ilé, tó tún wọ́ ìjọba lọ sí kóòtù

Bí a bá dárúkọ Awójọbí lágbègbè wa níbí, ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàràpá lọ́kàn ni Dókítà Awójọbí ti Èrúwà, oníṣẹ́ abẹ tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1986, tó fi táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọdún 2015 nìyẹn dolóògbé, a ò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kì í ṣe òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Awójọbí mìíràn wà tó ti lọ ṣáájú, tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo Nàìjíríà kí àwọn tó ń gbọ́ wa lórí fóònù lónìí tó dáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ní Yunifásítì Èkó.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937 ni wọ́n bí Ayọ̀délé Awójọbí ní Òṣòdì. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́, ó ń ta ọjà wẹ́wẹ̀wẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Fájì ló ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sí CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ nílẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe eré Macbeth, ẹni tó yẹ kó ṣe olú ẹ̀dá ìtàn wá dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tí eré ti kù dẹ̀dẹ̀. Awójọbí ti há gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, ló bá dìde, ó ṣe é láìṣì sọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Macbeth nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tún fún un lórúkọ mìíràn nígbà tó yá, Dead Easy, ìyẹn ni pé ìṣirò tó ń mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn làágùn, bí ẹni mumi ni lọ́wọ́ tirẹ̀.

Láyé ìgbà tó ṣetán láti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, Yunifásítì Ìbàdàn tó sún mọ́ wa yìí ò tíì ní ẹ̀ka ẹnjiníà rárá. Ó kọ́kọ́ lọ sí Nigerian College tó wà ní Ìbàdàn, ó yege dáadáa nínú físíìsì àti ìṣirò, ìjọba àpapọ̀ sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ náà ní Zaria. Ní ọdún 1962, ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní nínú mechanical engineering. Ọdún yẹn náà ni ilé ẹ̀kọ́ Zaria di Yunifásítì Ahmadu Bello, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kejì gbé e dé Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1966 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀.

Kí ló ń wádìí ní Lọ́ńdọ̀nù? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò kọjá.

Ẹ ronú sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìgbò-Ọrà. Wọ́n á da kọnkéré sílẹ̀, wọ́n á de ẹ̀rọ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ṣáná sí i, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, kọnkéré á máa gbọ̀n, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á máa gbọ́ ọ látẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Ẹ ó tún ṣàkíyèsí pé tí eré ẹ̀rọ náà bá dé ìwọ̀n kan, ìgbọ̀nrìrì náà á ṣàdédé le sí i bíi pé nǹkan fẹ́ já, tó bá sì tún sáré kọjá ìwọ̀n yẹn, á rọlẹ̀. Èwo ló fà á nínú ẹ̀rọ, kọnkéré àti ilẹ̀? Gbogbo wọn ni. Ilẹ̀ ò kàn dúró síbẹ̀ bí òkúta. Ó ń tẹ̀, ó ń dìde, ó sì ń gbé lára agbára yẹn lọ sí ọ̀nà jíjìn, bí omi odò ṣe ń gbé ìgbì lọ nígbà tí wọ́n bá sọ òkò sí i.

Iṣẹ́ tí Awójọbí gbé dání nìyẹn: kó fi ìṣirò sọ bí ohun líle tó jókòó sórí ilẹ̀ ṣe máa gbọ̀n, ibi tó ti máa le jù, àti bí ilẹ̀ ṣe máa ṣe sí i. Ní ọdún 1965, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé gan-an, òun àti Grootenhuis tó ń ṣiṣẹ́ ní Imperial ti tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society. Kékeré kọ́ ni ìwé yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lóòótọ́, ẹnjiníà ẹ̀rọ ni. Àmọ́ ta ló nílò ìdáhùn sí ìbéèrè yìí jù? Àwọn tó ń ṣe civil engineering ni, àwọn tó ń ri ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, tó ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá ka ilẹ̀, tó ń ronú bí ilé á ṣe dúró tí ilẹ̀ bá mì tìtì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bá orúkọ rẹ̀ nínú Géotechnique, ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà civil ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1972, iṣẹ́ tó gbé jáde níbẹ̀ dá lórí ohun tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Gibson. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga rí ti mọ ilẹ̀ Gibson, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ náà rí: òkè rọ̀, bí ọkọ́ sì ṣe ń wọlẹ̀ lọ ni ilẹ̀ ń le sí i. Gibson, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe ìṣirò irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1967, tí kò gbọ̀n. Awójọbí wá béèrè pé tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n lórí rẹ̀ ńkọ́? Ní 1973, àwọn méjèèjì jọ kọ iṣẹ́ mìíràn lórí ilẹ̀ yìí kan náà. Àwọn onímọ̀ ìpìlẹ̀ ilé ṣì ń tọ́ka sí àwọn iṣẹ́ náà títí dòní.

Àtìgbà tó ti délé ní 1966 ló ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, l'Ákọkà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ẹnjiníà máa ń rò pé téèyàn bá ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kékeré lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, á di olùkọ́ àgbà, lẹ́yìn náà ló tó kan igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n, kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tó bá tẹ̀ jáde, tí àwọn ọ̀mọ̀ràn lókè òkun yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà, ló máa ń gbé e gun àkàbà yìí. Ọdún mẹ́jọ ni Awójọbí fi gùn ún tán. Ní 1974, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 37 sì ni. Ọdún yẹn náà ló gba DSc ní Lọ́ńdọ̀nù. DSc yìí ju oyè ọ̀mọ̀wé lọ, nítorí wọn kì í fi ìwé kan ṣoṣo gbà á. Àkójọ iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa kó síwájú àwọn àgbà ìmọ̀ pé kí wọ́n wò ó. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú mechanical engineering ní Imperial.

Kì í ṣe ìwé nìkan ló fọwọ́ mú o. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, a bọ́ sápá ọ̀tún. Ojú ọ̀tún ni sítíárì ọ̀pọ̀ mọ́tò wà nígbà náà. Awójọbí ò ta mọ́tò Opel tirẹ̀, ó tú u, ó sì gbé sítíárì rẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú jíìpù irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń gùn, ó fi sítíárì kejì sẹ́yìn rẹ̀, ó tún jíà rẹ̀ ṣe, tí jíìpù náà fi lè sáré lọ síwájú àti sẹ́yìn lọ́gbọọgba láìjẹ́ pé ó yí. Autonov 1 ló pè é. Kò dé ọjà. Jíìpù kan náà ni, wọn ò gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ kankan kí wọ́n máa rọ irú rẹ̀, inú sì máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Àwọn tí wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà mọ ojú rẹ̀, torí òun ló ń béèrè ìbéèrè lórí ètò Mastermind ní NTA. Àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí àwọn aráàlú ń sáré lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjọba. Ayé Ààrẹ Shehu Shagari ló le jù. Awójọbí á lọ láti yunifásítì dé yunifásítì, á fi ìṣirò tú owó tí ìjọba ná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kún gbọ̀ngàn dé ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n kéde pé Shagari tún wọlé nínú ìbò ọdún 1983, ó gba kóòtù lọ. Kì í ṣe lọ́yà. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ìwé òfin lóru, bó ṣe jókòó ti ìṣirò ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kóòtù ò dá a láre. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn, àwọn ológun gbàjọba, ẹjọ́ àti ìbò di ìtàn.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn lé e lórí: ṣé kò yẹ kí irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ dúró ti ìwádìí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣeé dà nù. Wákàtí tó fi ka ìwé òfin, wákàtí tó bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò ni, ẹjọ́ tó sì tìtorí rẹ̀ sùn pẹ́ ò so èso kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi owó ìjọba kọ́ níwèé lẹ́ẹ̀mejì, tó sì mọ̀ọ́nkà, kí ni ká ní kó ṣe nígbà tí ìṣirò ìbò ò bá ara mu lójú rẹ̀? Èmi ò rò pé ó lè dákẹ́. Ọwọ́ tó fi tú Opel ló fi tú ọ̀rọ̀ ìlú. Ohun tó dùn mí ni pé òun nìkan ló ru ẹrù méjèèjì.

Ẹrù náà ò sì fún un láyè pẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ló kú lójijì. Ọmọ ọdún 47 péré ni, ọjọ́ orí tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì wa ṣì ń retí ìgbéga sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé e.

Ní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Yábàá, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà tó wà níbẹ̀. Kò jìnnà sí Àkọkà. Oríta ọkọ̀ ni, tírélà àti dánfó ń yí i po láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.