Jacques Francis: Òmùwẹ̀ ọmọ Guinea tí kóòtù England gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ní 1548

Nínú oṣù Kejì ọdún 1548, ọ̀dọ́kùnrin adúláwọ̀ kan dúró níwájú kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ojú omi ní London. Jacques Francis ni orúkọ rẹ̀, ẹni 20 ọdún. Ó ní Guinea ni wọ́n ti bí òun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọ abẹ́ òkun lọ gbé ẹrù tó rì wá sókè.

Ọdún 1545 ni Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ, rì nítòsí Portsmouth. Owó ńlá ni àwọn àgbá inú rẹ̀, ni wọ́n bá gbéṣẹ́ fún Pietro Paolo Corsi, ará Venice, pé kó kó wọn jáde. Francis ni olórí àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ òkun yóò kọ́kọ́ yan ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tó bá a lára, tó sì lè gbé òun àti ẹrù ara rẹ̀ léfòó. Ìdí ni pé omi máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: ní mítà 10, ìdajì ló máa kù, ara á sì wúwo sí i. Òmùwẹ̀ á tẹ bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ á wọnú ẹ̀wù. Èémí tí Francis bá fà sínú nìkan ló gbé lọ. Kò sí bọ́tìnì tó máa tẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló fi ń wá sókè, nínú omi tó tutù gidi.

Etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ṣàjèjì sí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ní Monrovia, Liberia, àwọn Kru ṣì wà níbẹ̀, àwọn tí àwọn atukọ̀ òyìnbó ń wá kiri tẹ́lẹ̀ nítorí òmùwẹ̀ àti awakọ̀ ojú omi tó dáńtọ́ ni wọ́n.

Ẹjọ́ dé nígbà tí àwọn oníṣòwò ará Italy fẹ̀sùn kan Corsi pé ó jí tánńganran tó kó jáde nínú ọkọ̀ wọn tó rì. Francis jẹ́rìí gbe ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí ìhà kejì ní ẹrú ni, aláìgbàgbọ́ sì ni, kí kóòtù má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ wò ó, wọn ò bá a jà lórí ohun tó rí lábẹ́ omi, irú ẹni tó jẹ́ ni wọ́n ń bá jà. Francis ní ọmọṣẹ́ Corsi ni òun. Ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kóòtù sì gbà á sílẹ̀. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó jẹ́rìí ní kóòtù England.

Ọdún 1982 ni wọ́n tó fa ara Mary Rose fúnra rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí àwọn òmùwẹ̀ tó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ti wọ ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó wà ní Portsmouth báyìí.