Babatúndé Ọlátúnjí

Michael Babatúndé Ọlátúnjí (7 Oṣù Kẹrin 1927 – 6 Oṣù Kẹrin 2003) jẹ́ onílù, olórin àti olùkọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní ọdún 1960, wà lára àwọn àwo tí ó kọ́kọ́ mú ìlù Áfíríkà wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn olórin jáàsì tí ohun tí etí wọn ń fẹ́ kò bá ara mu rárá ni wọ́n tọ̀ ọ́ wá: Max Roach, Randy Weston, Yusef Lateef àti John Coltrane. Síbẹ̀, orin tirẹ̀ kì í ṣe jáàsì ní tààrà.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Ọlátúnjí ní Àjídò, abúlé kan lẹ́bàá Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Apẹja ni Zannu, bàbá rẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí ó jẹ oyè nígbà tí ikú mú un lọ. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gùn sì ni. Oṣù méjì lẹ́yìn ikú bàbá ni a bí ọmọ náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Babatúndé. Èdè Ẹ̀gùn àti èdè Yorùbá ni ó fi dàgbà, láàárín àwọn ìyá àgbà tí wọ́n jẹ́ abọrẹ̀ vodun, níbi tí ìlù kì í ti í ṣe ohun ìgbádùn lásán.

Wọ́n ń tọ́ ọ láti wá gba ipò bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, ó ti yé e pé òun kò fẹ́ oyè. Nínú ìwé ìròyìn Reader's Digest ni ó ti kà nípa owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó kọ̀wé béèrè fún un, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950. Morehouse College ní ìlú Atlanta ni ó kọ́kọ́ lọ. Orin ọdún Kérésìmesì kan ní èdè Yorùbá, “Betelehemu”, tí òun àti Wendell Whalum jọ ṣe, di ohun tí ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ títí di òní. Láti Atlanta ó lọ sí Yunifásítì New York láti kọ́ nípa ètò ìṣàkóso ìlú. Owó tí yóò fi gbé ara rẹ̀ ró ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mú kí ó dá ẹgbẹ́ onílù kékeré kan sílẹ̀.

Drums of Passion

John Hammond, ẹni tí ó ń wá olórin fún ilé-iṣẹ́ Columbia, ni ó mú Ọlátúnjí wọ ibẹ̀. Ìlù, agogo àti ohùn ènìyàn ni gbogbo ohun tí ó wà nínú àwo àkọ́kọ́ náà. Kò sí dùùrù, kò sí fèrè, kò sí gìtá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílù rẹ̀, bí Chief Bey, Montego Joe àti Taiwo DuVall, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn obìnrin tí ó gbe orin, bí àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ní orúkọ Yorùbá. Etí tí ó mọ èdè náà dáadáa yóò gbọ́ ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti yẹ̀. Irú orin tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yàtọ̀ sí ìṣe ilé. Ní Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Karin Barber ti ṣe ìwádìí lórí oríkì fún ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1991, àwọn obìnrin ni ó ń ki oríkì jù lọ, ọ̀rọ̀ a sì máa fò láti orí kókó kan bọ́ sí òmíràn láìdúró. Orin Ṣàngó àti ti Ọya nínú Drums of Passion kò rí bẹ́ẹ̀: lílé kúkúrú àti ègbè ni, tí àjèjì lè bá wọn gbè kí àwo tó yí tán. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ó jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀ gan-an nìyí.

Orin tí ó ṣíwájú nínú àwo náà ni “Akiwowo”, tí ó yin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan. Ojú irin Nàìjíríà, tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Òun ni ó ń gbé àwọn oníṣòwò láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí, Èkó àti òkè Ọya. Orin àwọn tí ó mọ ọkọ̀ yìí ni “Akiwowo”, ṣùgbọ́n ibi tí ó dé jìnnà. Ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, gbé àwo Gainsbourg Percussions jáde. Orin mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ó mú láti inú Drums of Passion, “Akiwowo” sì wà lára wọn: ó di “New York U.S.A.”, ìyìn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin di kíka orúkọ ilé gogoro. Orúkọ Ọlátúnjí kò sí lára àwo náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Santana fi gìtá kọ “Jin-go-lo-ba” tirẹ̀ nínú àwo wọn àkọ́kọ́, wọ́n pè é ní “Jingo”, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì mọ orin náà láì mọ ẹni tí ó ni ín.

Láàárín àwọn olórin jáàsì

Ní ọdún 1960 kan náà, Max Roach pè é wá sí inú àwo We Insist!, àwo tí ó dá lórí ìjà òmìnira àwọn aláwọ̀ dúdú. Nínú “All Africa”, bí Abbey Lincoln ti ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà ni Ọlátúnjí ń fi ọ̀rọ̀ òmìnira dá a lóhùn ní èdè Yorùbá. Àwo náà kì í ṣe ti ẹni tí ó fẹ́ fi orin sinmi. Ti Randy Weston, Uhuru Afrika, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, yàtọ̀: ẹgbẹ́ olórin ńlá ni, Melba Liston ni ó to orin wọn, Langston Hughes ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìjọba South Africa sì fi òfin dè é. Ìlù Ọlátúnjí wà nínú méjèèjì. Art Blakey ní tirẹ̀ gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọmọ Yorùbá mìíràn, Solomon Ilori, nínú The African Beat (1962).

Nínú àwọn àwo tirẹ̀, Zungo! (1961) ni ó súnmọ́ jáàsì jù. Yusef Lateef àti Clark Terry fun fèrè níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè fara da ìlù lásán fún ogójì ìṣẹ́jú yóò fẹ́ràn rẹ̀ ju Drums of Passion lọ. Àwọn tí ó fẹ́ ìlù nìkan yóò sọ pé fèrè náà ti pọ̀ jù.

John Coltrane ni ó súnmọ́ ọn jù. Ó fi “Tunji” sọrí rẹ̀ nínú àwo Coltrane (1962), orin jẹ́jẹ́ tí kò pariwo. Ó tún fi owó ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó ń dá ilé àṣà sílẹ̀ ní Harlem, lójú pópó 125, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìlù, ijó àti èdè. Ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣeré ní 23 Oṣù Kẹrin 1967. Jáàsì tí ó ń ṣe nígbà náà ti kúrò ní ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ lè gbà: kò sí ìlù ijó tí ó dúró lójú kan, òun àti Pharoah Sanders ń fun saxophone bí ẹni ń ké. Orin méjì péré ni ó wà nínú ohun tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: “My Favorite Things” àti “Ogunde”, orúkọ tí etí Yorùbá yóò kà sí Ògúndé, ṣùgbọ́n tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ilẹ̀ Bràsíl wá. Algie DeWitt ń lu bàtá láàárín wọn. Kò sí ohun tí ó jìnnà sí ìlù Ọlátúnjí tó orin ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Coltrane kú ní 17 Oṣù Keje ọdún náà. Kò sí orin ojú agbo mìíràn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ohùn rẹ̀ há, ó sì dàrú nínú téèpù, ọdún 2001 sì ni ilé-iṣẹ́ Impulse! tó gbé e jáde ní The Olatunji Concert.

Ìgbà ìkẹyìn

Ọlátúnjí kọ́ni ní ìlù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, pàápàá ní Esalen Institute ní California. Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, tún mú un wá síwájú àwọn ọ̀dọ́, ó sì kópa nínú Planet Drum (1991), àwo tí ó gba ẹ̀bùn Grammy. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni ó pa á ní Salinas, California, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọdún 76. Ní ọdún 2004, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi Drums of Passion sí ara àwọn àwo tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ìwé ìtàn ìgbé ayé rẹ̀, The Beat of My Drum, jáde ní ọdún 2005.