Thomas Birch Freeman: Ọmọ Ẹrú Tí Ó Kéde Òmìnira

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ó tọ́ kí a máa rántí àwọn tí wọ́n ti rìn síwájú wa, kì í ṣe kí a lè sọ wọ́n di òrìṣà, bí kò ṣe kí a lè mọ bí Ọlọ́run ti ń bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara bí tiwa lò. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n mú ìhìnrere wọ ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ti Henry Townsend àti ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó ti dé Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ṣáájú àwọn méjèèjì. Ìlú Ákrà, ní ilẹ̀ Gánà, ni ẹni náà ti gba ipò, ibẹ̀ ni ó ti pàdánù rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Thomas Birch Freeman ni orúkọ rẹ̀.

A yàn ìtàn rẹ̀ fún ìwé àpéjọpọ̀ wa yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ òmìnira onígbàgbọ́ ń ká wa lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe orúkọ Jésù, síbẹ̀ ẹ̀rù àjẹ́, ẹ̀rù ọ̀tá ilé àti ẹ̀rù àlá kò jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti sọ ìlànà ìjọ di oògùn ìṣọ́ra, tí wọ́n rò pé bí àwọn bá ti pa gbogbo èèwọ̀ mọ́, Ọlọ́run ti jẹ àwọn ní gbèsè. Ìgbésí ayé Freeman bá àwọn méjèèjì wí.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́ RẸ̀

Ní ọdún 1809 ni a bí Freeman ní Twyford, ìletò kan nítòsí ìlú Winchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Áfíríkà tí ó ti ṣe ẹrú rí ni baba rẹ̀. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ orúkọ ìdílé náà ni ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Ọdún méjì péré ṣáájú ìbí rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó sì tún wà nínú ìdè ní àwọn erékùṣù òkè òkun títí di ọdún 1834. Nítorí náà, òmìnira kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn ní ilé tí a ti tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Ohun tí baba rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ni.

Iṣẹ́ ọgbà ni ó kọ́. Ó mọ irúgbìn, ó mọ òdòdó, ó sì mọ bí a ti ń tọ́jú igi tí kò bá ilẹ̀ mu títí yóò fi ta gbòǹgbò. Ó di olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà ọlọ́lá kan ní Orwell Park, nítòsí Ipswich. Nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti rí ìgbàlà, nígbà tí ó sì di ọdún 1837 ó fi ara rẹ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run ní ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀.

ILẸ̀ TÍ Ó Ń PA ÀLEJÒ

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n rán an lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Fante kan ní Cape Coast, tí wọ́n ti ń péjọ láti ka Bíbélì fúnra wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún ìwé àti olùkọ́. Joseph Dunwell wá bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1835. Kí oṣù kẹfà ọdún náà tó parí ó ti kú. Wọ́n rán Wrigley àti aya rẹ̀, wọ́n tún rán Harrop àti aya rẹ̀. Kí ọdún 1837 tó parí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ilẹ̀. A kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ìparí ọ̀rúndún náà ni ó tó hàn sí àwọn onímọ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1838, Freeman àti aya rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Cape Coast. Ibojì ni ó bá dípò àwọn tí ó yẹ kí ó wá kí i káàbọ̀. Láìpẹ́ ibà dá òun náà dùbúlẹ̀. Aya rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gbádùn, ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé tí wọ́n dé, aya náà kú. Ó tún gbé ìyàwó mìíràn; ní ọdún 1841 òun náà kú ní ilẹ̀ yìí.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a dúró sí díẹ̀. Bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ ìṣọ́ra tí kì í jẹ́ kí ibi wọlé, a jẹ́ pé ìgbàgbọ́ Freeman kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìṣọ́ra. Ọkùnrin tí ó ti sin aya méjì sínú ilẹ̀ yìí kò pa iṣẹ́ náà tì, kò sì wá ẹni tí ó fi wọ́n ṣe oògùn. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rù kò túmọ̀ sí pé ikú kò ní kan ilẹ̀kùn wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ikú bá kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe òun ni onílé.

NÍ IWÁJÚ ÀWỌN ỌBA

Ní ọdún 1839 ó gbéra lọ sí Kumasi, olú ìlú Asante, tí àwọn ará etíkun ń bẹ̀rù gidigidi nítorí ogun tí wọ́n ti bá ara wọn jà. Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ojú ọ̀nà, ní Fomena àti ní Kusa, nígbà tí ọba ń wádìí irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ó wọ ìlú, Ọba Kwaku Dua sì gbà á pẹ̀lú ọlá ńlá. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ìbátan ọba kan kú, Freeman sì fi ojú ara rẹ̀ rí òkú àwọn tí wọ́n pa láti bá olóògbé náà lọ. Kò bú ọba, kò sì dákẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún adé, ó jókòó bí wọ́n ti ní kí ó jókòó, ó sì sọ ohun tí Ọlọ́run rán an. Ní ọdún 1841 ó padà lọ, ó mú àwọn ọmọ ọba méjì tí wọ́n ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ìjọ fi ta ọba lọ́rẹ.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kàn wá. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n sì rí ìdáǹdè ní Sàró, ti ń padà sílé, wọ́n sì ń fẹ́ olùkọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Freeman àti William de Graft, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Fante tí wọ́n ti ń ka Bíbélì ní Cape Coast, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará! Èbúté tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sínú ìdè ni ọmọ ẹrú yìí gbà wọlé láti kéde òmìnira. Àwọn ará Àgbádárìgì kò gbàgbé igi Àgíyà tí a so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù náà, igi tí ó wó ní ọdún 1959. Ní oṣù kejìlá ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, sì fi ayọ̀ gbà á. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti Ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ìsìn Kérésìmesì pọ̀. Kò sí èyí tí ó béèrè ìjọ èkejì kí ó tó bá a kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843, Freeman lọ bá Ọba Gezo ní Àgbọ́mẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ láti fi òwò ẹrú sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò náà ni ó ń mú ọrọ̀ wọ ààfin.

IGBÓ MANKESSIM

Nígbà tí Freeman jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Fante tí ó yẹ kí a mọ̀. Nítòsí Mankessim ni igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Nananom Mpow. Wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá Fante ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ìlú gbogbo ń wárìrì fún un. Ní nǹkan bí ọdún 1850, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ láti ìletò kan nítòsí ibẹ̀, tí wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀ tàbí olóyè, wọ inú igbó náà wọ́n sì gé igi níbẹ̀. Inú bí àwọn ìjòyè; wọ́n mú wọn, wọ́n sì sun ilé wọn. Ọ̀rọ̀ di ti ìjọba. Láìpẹ́ a mú àwọn abọrẹ̀ igbó náà lórí ète láti fi májèlé pa àwọn onígbàgbọ́ kan, ní ilé ẹjọ́ ni ó sì ti hàn sí gbogbo ayé pé ènìyàn ni ó ń fara pamọ́ dá àwọn olùbéèrè lóhùn nínú igbó. Iyì igbó náà sì rẹ̀yìn láti ìgbà náà lọ.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ilé ẹjọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́gun ẹ̀rù. Àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí ti ní òmìnira kí adájọ́ tó jókòó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Wọ́n san owó rẹ̀ pẹ̀lú ilé wọn.

ÁKRÀ: ÌRẸ̀SÍLẸ̀ ÀTI ÌDÌDE

Báyìí ni a dé ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn máa ń yára kọjá. Freeman kì í ṣe olùṣírò owó. Ó ń kọ́ ilé ìsìn, ó ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ákrà àti ní ìlú mìíràn, ó ń rin ìrìnàjò, ó sì ń fún àwọn ọba lẹ́bùn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Owó tí ó ń ná sì pọ̀ ju èyí tí àwọn aṣáájú ní London ń fi ránṣẹ́. Gbèsè gorí gbèsè. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀sùn olè kàn án, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò kì í mọ ojú ẹni. Ní ọdún 1857 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti dúró níwájú Kwaku Dua, Ṣódẹkẹ́ àti Gezo kò ní ìjọ tí yóò darí mọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí àgbègbè Ákrà. Ní ọdún 1860 wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ó padà sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ ní èwe: ó mú ọkọ́, ó sì ń dáko nítòsí Ákrà láti bọ́ ìdílé rẹ̀, nítorí ó ti gbé ọmọbìnrin Fante kan níyàwó. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó lò ní òde iṣẹ́ àlùfáà. Kò bínú kúrò nínú ìjọ tí àwọn mìíràn ń darí níṣojú rẹ̀, kò sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1873, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìjọ tún gbà á sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ní Anomabu, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wá gba ìtẹ̀bọmi lábẹ́ ìwàásù rẹ̀. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Ákrà. Ó rí ọdún 1885, nígbà tí ìjọ náà pé àádọ́ta ọdún ní Gold Coast. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1886. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1890 ó sì sùn nínú Olúwa ní ìlú Ákrà, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ilẹ̀ tí ó pa Dunwell ní oṣù díẹ̀ gba Freeman láyè fún ọdún méjìléláàádọ́ta.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ FÚN WA

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Gálátíà pé Kristi ti sọ wá di òmìnira, kí a má ṣe tún ti ọrùn wa bọ àjàgà. Àjàgà ẹ̀rù ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ti inú ìjọ jáde lọ wádìí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ta ni ó ń ṣe òun, igbó Mankessim ti wà nínú ọkàn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun.

Àjàgà òfin ni ti èkejì. A kò sọ pé kí ìjọ má ní ìlànà. Ilé tí kò ní ìlànà yóò wó. Ìwé ìṣirò tọ̀nà ní ọdún 1857, gbèsè sì jẹ́ gbèsè. Òmìnira kì í ṣe àyè láti ná owó ìjọ bí ó ti wù wá. Ṣùgbọ́n òfin lè fi ìṣubú hàn, kò lè gbé ẹni tí ó ṣubú dìde. Oore-ọ̀fẹ́ ni ó gbé Freeman dìde. Mélòó ni àwọn arákùnrin wa tí a ti yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé, tí a kò sì tún yà lọ́dọ̀ wọn láti béèrè àlàáfíà wọn? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń dáko ní ẹ̀yìn odi, wọ́n ń retí ìpè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìjọ wa láti àpéjọpọ̀ yìí pẹ̀lú ìpinnu méjì: kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe bẹ̀rù ohun tí Kristi ti ṣẹ́gun, kí a má sì ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí Kristi ṣí i fún. Kí Ọlọ́run tí ó mú ọmọ ẹrú wá sí èbúté ẹrú láti kéde ìdáǹdè sọ gbogbo wa di òmìnira ní tòótọ́. Àmín.