Kayọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, dókítà iṣan àti ọpọlọ tó tọpa àìsàn dé ilé ìdáná

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe olóṣèlú. Dókítà ni. Láti ọdún 1995 ló ti kú, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe kan gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà, ó sì kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń jẹ gààrí. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun.

Ohun tó jẹ́ ká mú un wá síwájú yín ni ọ̀rọ̀ tí kì í tán láàárín wa ní ìdálẹ̀ yìí. Gìrì mú ọmọ lóru, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹsẹ̀ bàbá ń kú, kò mọ̀ mọ́ bóyá ilẹ̀ lòun tẹ̀ tàbí òwú, wọ́n á ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni. Ọmọ kò tètè rìn, wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn fa ọrùn àti eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó máa jókòó béèrè pé kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí èyí tó dé ò pọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni Ọ̀ṣuntókun fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́: kí ló fà á, ṣé a sì lè dènà rẹ̀?

Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tó di ọ̀mọ̀wé ti jáde. Láti ibẹ̀ ló ti lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní University College, Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Ìlú Ọba láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ àti ti iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí apá, ẹsẹ̀, ojú àti etí, tó sì ń gbé èsì padà wá. Nígbà yẹn, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà ò tó nǹkan rárá. Ó lè jókòó sí Ìlú Ọba kó máa jayé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sílé.

UCH Ìbàdàn ló padà sí. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ tó kọ́kọ́ di dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Nàìjíríà, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1962. Odeku ń fi ọ̀bẹ ṣe tirẹ̀, Ọ̀ṣuntókun ń fi àyẹ̀wò àti oògùn ṣe tirẹ̀. Ní 1970, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 35, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmọ́ kì í ṣe ipò ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kàn. Àrùn kan tó wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀.

Báyìí ni àrùn náà ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ oko tàbí tó ń tajà láti ọdún pípẹ́ á kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun ń ta òun bí ìgbà tí ata bá kan egbò. Tó bá yá, ẹsẹ̀ ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá ń rìn, á máa rìn bí ẹni tó mutí yó, pàápàá nínú òkùnkùn, torí ẹsẹ̀ ò sọ fún ọpọlọ mọ́ pé ibi báyìí lòun wà. Ojú á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, etí náà á máa di. Ẹ ò rí i pé ó rọrùn láti sọ pé wọ́n sa àsàsí sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló sì sọ ọ́.

Àwọn dókítà kan ti ṣàkíyèsí àrùn yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣuntókun. Gottlieb Monekosso, dókítà ọmọ ilẹ̀ Cameroon tó padà wá ṣe olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà, wà lára wọn. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun fi kún un ni pé kò jókòó sí ọsibítù nìkan. Ó wọn bí iṣan àwọn aláìsàn ṣe ń yára gbé iṣẹ́ tó, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó tẹ̀ lé wọn dé ìgboro àti abúlé, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ìdáhùn náà ń yí po ojú kan: gààrí, láfún, fùfú, lójoojúmọ́, láti ọdún dé ọdún, tí ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ò sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣe gààrí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Cyanide ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ṣàn lọ, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, kí wọ́n tó yan án. Gbogbo ìyẹn ló ń lé májèlé náà jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, ara fúnra rẹ̀ máa ń pa á kú, àmọ́ ara nílò ohun tó wà nínú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà láti fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀ṣuntókun rí i pé àmì májèlé ẹ̀gẹ́ tí ara ti yí padà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1968, ó gbé ìwádìí náà jáde nínú Brain, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Ìlú Ọba tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Ní 1971, òun àti ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ dókítà ojú, jọ kọ̀wé lórí bí irú àìsàn yìí ṣe ń ba ojú jẹ́.

Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà ò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn dókítà mìíràn padà lọ sí agbègbè Ìjẹ̀bú, wọ́n rí i pé àrùn náà ṣì wà, àwọn kan sì ń jiyàn pé májèlé ẹ̀gẹ́ nìkan kọ́ ló ń fà á. Bí ìmọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà tó là ò dí: ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ọ̀tá kiri, ó gbé e wá sí ilé ìdáná, níbi tí èèyàn ti lè tún un ṣe.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, èyí tó kan àwọn ọmọ wa, ni ti gìrì àti wárápá. Nígbà ayé rẹ̀, tí ibà bá gbóná lára ọmọ, tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, àgbo ìtọ̀ màlúù ni ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń sáré rọ sí i lẹ́nu. Wọ́n á fi ewé tábà, àlùbọ́sà àti àwọn nǹkan mìíràn sí i. Àwọn mìíràn á ti ẹsẹ̀ ọmọ sí iná kó lè jí. Àwọn dókítà Ìbàdàn rí èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí tí wọ́n gbé dé ọsibítù. Àgbo náà máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ọmọ á dákú, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́, ó tiẹ̀ lè kú. Gìrì tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á wá di ohun tí ọmọ á máa gbé kiri títí ayé.

Ti wárápá tún burú jù. Àwọn èèyàn gbà pé itọ́ rẹ̀ máa ń ranni, wọn kì í bá a jẹun nínú abọ́ kan náà, wọ́n á mú ọmọ kúrò nílé ìwé. Ọ̀ṣuntókun kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé àrùn ọpọlọ ni, kì í ranni, oògùn tí kò wọ́n sì lè mú un rọlẹ̀ tí aláìsàn bá ń lò ó lójoojúmọ́.

Ó tún ṣe nǹkan kan tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú méjì ní Ìbàràpá, ìlú méjì tí kò jìnnà síra. Ní Ayétẹ̀, ìwádìí tó jáde ní 1982 rí èèyàn 37 tó ní wárápá nínú 1,000. Ní Ìgbó-Ọrà, èyí tó jáde ní 1987, tí wọ́n ti yẹ nǹkan bí 19,000 èèyàn wò, rí 5 àti díẹ̀ nínú 1,000. Ìwádìí Ayétẹ̀ kéré lóòótọ́, kò tó èèyàn 1,000, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Kí ló wá dé? Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń bójú tó ìlera àwọn ará Ìgbó-Ọrà. Àwọn aláboyún ibẹ̀ ń rí ibi bímọ sí, àwọn ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà ń rí ìtọ́jú kó tó gun ọpọlọ. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó fa ìyàtọ̀ náà nìyẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Láti 1985 sí 1990, òun ni ọ̀gá àgbà UCH. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, kò sinmi. Òun àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, jọ yẹ àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ ìdí àrùn ìgbàgbé tó ń mú àwọn arúgbó. Ohun tó jáde ní 1995 ya ayé lẹ́nu: àwọn tí àrùn náà mú ní Ìbàdàn ò pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan ló pa wọ́n pọ̀. Ọdún yẹn náà ni Ọ̀ṣuntókun fi ayé sílẹ̀, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ló ń bá a lọ.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe wá kan Khaddamari? Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù kẹjọ ọdún 2016. Gbogbo Nàìjíríà ti ń retí pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti dópin, torí ó ti lé lọ́dún méjì tí a ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Ló bá tún yọjú ní Borno, ó sọ ọmọ di arọ ní Gwoza àti ní Jere wa níbí. Kòkòrò tó ń wọ inú omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ ló ń fà á, inú iṣan tó gba eegun ẹ̀yìn kọjá ló sì ń bà jẹ́. Kò sí ẹni tó lè fa eegun ọmọ bẹ́ẹ̀ kó padà bọ̀ sípò. Ogun ni kò jẹ́ kí àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára dé ọ̀pọ̀ abúlé. Nígbà tí wọ́n wá rọ́nà dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà yọrí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Ayétẹ̀ àti Ìgbó-Ọrà náà nìyẹn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù ṣe ti ilé. Tí gìrì bá mú ọmọ, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i, ẹ má sún un mọ́ iná. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró, ẹ má dúró de ìgbà tó máa rọlẹ̀, ẹ sáré gbé e. Ní àkókò ooru tí yírùnyírùn máa ń jà ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, tí ọrùn ọmọ bá gan pẹ̀lú ibà, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí oríkèé ń ro lè fi ọwọ́ ra á, kò burú. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí apá ò ní agbára mọ́, tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ọmọdé bá ní àléébù, dókítà ni kó kọ́kọ́ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fà á. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Gààrí tí wọ́n ń kó láti ilé wá bá wa, ẹ bi ẹni tó tà á léèrè bóyá ó kan dáadáa. Tí ẹ bá sì fẹ́ mu ún, ẹ wá ẹ̀pà, ẹja tàbí ẹ̀wà tì í. Ẹ̀wà tó wà ní ọjà wa ní Borno yìí ò kéré. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí a ka orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì gba àjẹsára tán, kí a sì yan àwọn tó máa bá wọn dé ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tí Ọ̀ṣuntókun fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe dókítà nìyẹn, agbára wa sì ká a.