Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, Olùkọ́ Àwọn Ìyá Ọlọ́jà

Ẹni tí ó bá mọ Kọ́bapẹ́, ní ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣágámù, yóò mọ irú àwọn ìyá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn: àwọn tí ń ru ẹrù oko lọ sí ọjà, tí wọ́n sì ń ṣírò èrè àti àdánù sórí láìsí ìwé. Ọgbọ́n kò wọ́n wọn. Lẹ́tà ni wọn kò mọ̀. Nítorí irú wọn ni a ṣe ń rántí olóògbé Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lónìí.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1900. Ní 1914 ó wọ Abeokuta Grammar School, nígbà tí ọmọbìnrin kò tíì máa ń lọ síbẹ̀. Ní 1919 ó ré òkun lọ sí Ìlú Ọba láti kàwé sí i. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó ti pa àwọn orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì. Ní 1925 ó di aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ẹni tí ó di ọ̀gá Grammar School náà ní 1932.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tí ó mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ kó jọ. Ní 1944 ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà àti kíkọ. Kò rọrùn fún abiyamọ láti jókòó níwájú pátákó bí ọmọdé. Nítorí náà ni Ìyáàfin yìí ṣe ń wọ ìró àti bùbá bí tiwọn, tí ó sì ń fi èdè Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, kí ojú má baà tì wọ́n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kọ́ olùkọ́ wọn pẹ̀lú. Lẹ́nu wọn ni ó ti gbọ́ bí àwọn aláṣẹ ti ń gba ìrẹsì wọn, àti bí owó orí ti ń ni wọ́n lára. Ọmọbìnrin ń san án láti ọdún 15, ọkùnrin láti ọdún 16. Ní 1945 ó gbé ọ̀ràn ìrẹsì náà dìde títí ó fi dópin. Ní 1946 ọlọ́jà àti ọ̀mọ̀wé para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Nígbà tí 1949 fi bẹ̀rẹ̀, a ti dá owó orí àwọn obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà ní 1950.

Ní 1977 àwọn sójà jù ú láti ojú fèrèsé ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ní 1978 ó dágbére fún ayé.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ní 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé, ire ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dàgbà kí ọdún náà tó dé kò lè bá ọmọdé jókòó. Ẹ̀kọ́ àgbà kì í ṣe àánú; ohun tí ó ń mú kí ẹni tí ń san owó mọ ìdí tí òun fi ń san án ni. Ìjọba tí ó bá ń ṣètò rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Àwa tí a sì mọ̀wé, kí a má dúró de ìjọba. Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni. Kò sí àgbà tí A B D kọjá lọ.