Ọ̀mọ̀wé Sànyà Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tó tọpasẹ̀ sòbìà dénú omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Òwe náà ṣì wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n sòbìà fúnra rẹ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí kò rí rí. Wọn kò rí àgbẹ̀ alágbára tí aràn funfun, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó sì lè gùn tó mítà kan, ń yọ ní ojúgun rẹ̀, tí wọ́n ń fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú. Wọn kò mọ bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe ń jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà tí igbó ń bo oko rẹ̀. Sòbìà kì í sábà pa èèyàn, ebi ló máa ń fi pa ilé onílé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn la ọ̀nà tí àìsàn yìí gbà kúrò nílẹ̀ wa ni Ọ̀mọ̀wé Sànyà Ọnàbámirò, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun tó ṣeni láàánú ni pé bí a bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ sòbìà kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni wọ́n máa ń rántí. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ sòbìà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Àgọ́-Ìwòyè, ìlú Ẹbùmàwé, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, ó tún lọ sí Higher College ní Yábàá, kó tó rékọjá òkun lọ sí Yunifásítì Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ sókè òkun ń kọ́ ẹ̀kọ́ amòfin tàbí ti oníṣègùn, ìmọ̀ nípa àwọn ohun abẹ̀mí ni Ọnàbámirò gbájú mọ́, pàápàá àwọn aràn àti kòkòrò tó ń fi ara èèyàn ṣe ilé.

Ọdún 1949 ni ìwé rẹ̀ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń mú àwọn ọmọ wa kú ni ìwé náà dá lé. Ní àkókò yẹn, bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta bá kú mọ́ ìyá kan lọ́wọ́, àbíkú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é. Ọnàbámirò kò fi ìyà àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ ka iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kú lábúlé, ó wá ohun tó fà á, ó sì kọ ọ̀nà tí a lè gbà dènà rẹ̀. Ní ọdún 1953, ó tún gbé ìwé mìíràn jáde lórí oúnjẹ àti ìlera.

Ṣùgbọ́n orí sòbìà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1870 ni onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Alexei Fedchenko, ti rí i pé inú kòkòrò omi tíntìnní kan tó ń jẹ́ cyclops ni ọmọ sòbìà máa ń gbé. Ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ á ki ẹsẹ̀ bọ odò, aràn á tú ọmọ sínú omi, cyclops á gbé e mì, ẹlòmíràn á sì bu omi náà mu. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, sòbìà á yọ lára onítọ̀hún. Ohun tí a kò tíì mọ̀ dáadáa nílẹ̀ wa ni èwo gan-an nínú oríṣiríṣi cyclops tó wà nínú adágún omi wa ló ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí.

Iṣẹ́ tí Ọnàbámirò gbé lé èjìká nìyẹn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ó bu omi láti ibi táwọn ará abúlé ti ń pọn ọ́n, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1951, ó kéde pé èyí tí wọ́n ń pè ní Thermocyclops nigerianus ni olórí ọ̀daràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ó tún wo bí àwọn kòkòrò tó ti kó sòbìà ṣe ń lọ sókè sódò nínú omi lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọdún 1956, ó gbé iṣẹ́ jáde lórí bí ọmọ sòbìà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé lẹ́yìn tó bá wọ inú ara. Títí dòní, irú cyclops kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀: Tropocyclops onabamiroi.

Lẹ́yìn náà ni ìṣèlú fà á wọlé. Ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, òun ló sì wà ní ipò náà nígbà tí wọ́n ṣòfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1961. Owó kòkó ni igi lẹ́yìn ọgbà ìjọba ìgbà náà. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: àgbẹ̀ tí sòbìà ń dá gúnlẹ̀ sílé náà ni òógùn ojú rẹ̀ ń kọ́ ilé ìwádìí. Ifẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oògùn tó ń gba oyè yunifásítì ní Nàìjíríà, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti gbé gbòǹgbò orin ata yẹ̀ wò láàárín ọdún 1970 sí 1979, bóyá yóò ran àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́.

Ìjì ọdún 1962 kò dá Ọnàbámirò sí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, ìhà ìjọba ni Ọnàbámirò ti jẹ́rìí. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, ilé-ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí Awólọ́wọ̀ ti jẹ́ ọmọ ilé, ọ̀pọ̀ èèyàn kò dárí jì í. A kò ní tún ẹjọ́ náà dá níbí. Ohun tó hàn ni pé láti ọjọ́ yẹn ni òjìji ẹlẹ́rìí ti bo olùwádìí mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn táwọn ológun gbàjọba ní ọdún 1966, ìdí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló padà sí. Ó lọ sí Njala ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, níbi tó ti ṣèwádìí lórí àtọ̀sí ajá, àìsàn mìíràn tó ń gba inú omi wọ ara. Ọdún 1985 ló jáde láyé. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ìlú tí wọ́n bí i sí.

Kò fojú rí ìkórè ohun tó gbìn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ogun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín asẹ́ aláṣọ fáwọn ará abúlé, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú adágún, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì ń ṣọ́ aláìsàn kó má wọ odò. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa. Ní gbogbo ayé, èèyàn 15 péré ló ní in ní ọdún 2024.

Ẹ wá kíyè sí i: títí di òní, kò sí oògùn kankan tó ń wo sòbìà, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ tí cyclops kò lè gba inú rẹ̀ kọjá ló ṣẹ́gun rẹ̀, ìmọ̀ tí irú Ọnàbámirò wá jáde ló sì sọ ohun tí aṣọ náà yóò mú fún wa. Bí àwọn aṣòfin bá ń bèèrè lónìí pé oògùn wo ni owó ìwádìí ti mú wá, ó yẹ kí wọ́n rántí èyí. Nígbà mìíràn, èrè owó ìlú kì í wà nínú ìgò. Ó lè jẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń lọ sóko ní òwúrọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí kò sì mọ orúkọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.