Bert Williams: Aláwàdà Tí Ó Fi Èédú Kun Ojú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìtumọ̀ òwe náà dójú àmì. Egbert Austin Williams ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bert Williams ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Iṣẹ́ àwàdà ni ó ṣe jẹun ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún bí ọgbọ̀n ọdún, títí ikú fi mú un lọ ní ọdún 1922.

Ìdí tí mo fi yàn án ni pé àríyànjiyàn kan wà lórí rẹ̀ tí kò tíì tán. Aláwọ̀ dúdú tí ó ń fi ìran ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kí àwọn Òyìnbó lè rẹ́rìn-ín, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni, àbí akọni? Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi pé kí ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà ná, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìlú Nassau ní erékùṣù Bahamas ni wọ́n bí Williams sí ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1874. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, ìlú Riverside ní ìpínlẹ̀ California ni ó sì gbé dàgbà. Ó ga, ó pupa lára, ó fẹ́ràn ìwé kíkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán ni ó sì ń sọ. Èdè àwọn dúdú Gúúsù Amẹ́ríkà tí a ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kì í ṣe èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Ńṣe ni ó jókòó kọ́ ọ, bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe lè kọ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún 1893, nígbà tí Williams kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan ní ìlú San Francisco. George Walker ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas. Àwọn méjèèjì dòwò pọ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní ọdún 1894, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní ọgbà Golden Gate ní ìlú náà. Lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn èrò ìwòran ni abúlé kan tí wọ́n kọ́ bí abúlé Dàhọ̀mì, wọ́n sì ti ránṣẹ́ kó àwọn ará Dàhọ̀mì gan-an láti ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn wọ̀nyí kò tètè dé. Kí abúlé náà má baà ṣófo, àwọn olùdarí ìpàtẹ háyà àwọn dúdú Amẹ́ríkà tí yóò máa ṣe bí ará Dàhọ̀mì. Williams àti Walker wà lára wọn.

Ẹ wò ó, Dàhọ̀mì tí ó gbógun ja Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ọdún 1864, Dàhọ̀mì tí ó fọ́ ìlú Kétu ní ọdún 1886, òun ni ọmọ Nassau àti ọmọ Kansas ń ṣe ayédèrú rẹ̀ ní California nítorí owó oúnjẹ! Nígbà tí àwọn ojúlówó gúnlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ayédèrú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà wọ́n láàyè láti máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ń lọ wo ijó àwọn àlejò náà, wọ́n sì ń fetí sí orin wọn. Walker sọ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni àwọn ti pinnu pé bí ọwọ́ àwọn bá ba nǹkan, àwọn yóò mú ohun ilẹ̀ Áfíríkà wọ inú eré àwọn.

Kí ohun tí ó kàn tó lè yé wa, ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà kan. Láti nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Òyìnbó eléré ní Amẹ́ríkà ti máa ń sun ìdérí ìgò di èédú, tí wọ́n á fi kun ojú, tí wọ́n á sì máa ṣe bí ẹrú dúdú tí kò gbọ́n: ọ̀lẹ, olè adìẹ, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan kí ó tọ́. Eré yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn dúdú fúnra wọn fẹ́ gun orí ìtàgé, ìrísí yìí ni àwọn òǹwòran ń béèrè. Ẹni tí Ọlọ́run dá ní dúdú ní láti kun ara rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé dúdú ni. Williams gbìyànjú rẹ̀ wò, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kun èédú. Ó wọ aṣọ tí kò bá a mu, bàtà ràgàjì àti ìbọ̀wọ́, ó sì di aláìríṣe tí nǹkan kì í ṣẹnuure fún. Walker ní tirẹ̀ kì í kun ojú. Òun ni afínjú tí ó ń yan fanda, tí ó sì ń fi ẹ̀tàn gba owó ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n dé New York ní ọdún 1896. Èébú tí àwọn Òyìnbó fi ń bú dúdú ni wọ́n fi polówó ara wọn, wọ́n ní àwọn gan-an ni ojúlówó. Ìlú gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1900, ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn jàǹdùkú sì ń lu àwọn dúdú kiri. Wọ́n fa Walker jáde nínú ọkọ̀ èrò, wọ́n sì lù ú. Ìlú tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún un lórí ìtàgé ni ó nà án ní ìgboro.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1903, ìpinnu wọn ní San Francisco ṣẹ. Wọ́n gbé eré kan jáde ní New York Theatre ní Broadway, In Dahomey ni orúkọ rẹ̀. Jesse Shipp kọ eré náà, Will Marion Cook ṣe orin rẹ̀, akéwì Paul Laurence Dunbar sì kọ ọ̀rọ̀ sí i. Òun ni eré olórin gígùn àkọ́kọ́ tí àwọn dúdú kọ, tí àwọn dúdú sì ṣe, ní ilé ìṣeré ńlá ní Broadway. Ìtàn àwọn gbájú-ẹ̀ kan ni, tí wọ́n fẹ́ kó àwọn dúdú Amẹ́ríkà padà lọ tẹ̀dó sí Dàhọ̀mì. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n gbé e sọdá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, wọ́n pè wọ́n sí ààfin Buckingham láti wá ṣe é níbi ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ Ọba Edward keje, tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ náà ni ó wá jọba ní ọdún 1936, tí ó sì fi oyè sílẹ̀ ní ọdún náà. Ní Edinburgh ní ọdún 1904, ẹgbẹ́ Freemason kan tí ó jẹ́ ti àwọn Òyìnbó gba Williams wọlé. Ẹni tí ọba pè sí ààfin yìí padà sí Amẹ́ríkà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé ìtura.

Bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí àwa tí à ń kọ́ nípa eré oníṣe. Kì í pariwo, kì í sáré. Ó máa ń wo àwọn ènìyàn ní ojú pópó, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, kí ó tó gbé wọn dé orí ìtàgé. Ó ní eré kan tí ó máa ń dá ṣe, nínú èyí tí ó ń ta káàdì pẹ̀lú àwọn tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ àwọn òǹwòran ń mọ ẹni tí ó ń jẹ àti ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Eré yìí wà nínú sinimá A Natural Born Gambler ti ọdún 1916, a sì lè wò ó títí di òní. Orin tí ó lókìkí jù lọ nínú orin rẹ̀ ni Nobody, tí ó kọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní ọdún 1906, orin ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò sì rí olùrànlọ́wọ́. Ibi gbogbo tí ó bá dé ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, títí orin náà fi sú òun fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1909, àìsàn dá Walker dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1911. Ọ̀rọ̀ wá ku Williams nìkan. Ní ọdún 1910, Florenz Ziegfeld pè é sínú eré ńlá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Follies, níbi tí àwọn eléré yòókù ti jẹ́ Òyìnbó. Àwọn kan nínú wọn fárí pé bí dúdú bá wọlé, àwọn yóò jáde. Ziegfeld dá wọn lóhùn pé òun lè rí ẹlòmíràn fi rọ́pò ẹnikẹ́ni nínú wọn, àfi Williams nìkan. Kò sí ẹni tí ó jáde mọ́. Ṣùgbọ́n Williams mọ ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀. Ó bá Ziegfeld ṣe àdéhùn pé òun kò ní bá wọn rin ìrìn-àjò dé Gúúsù, àti pé òun àti obìnrin Òyìnbó kan kò ní dá wà lórí ìtàgé. Ní àsìkò náà, wọ́n ń so dúdú kọ́ sórí igi nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú Follies yìí ni òun àti àwọn gbajúmọ̀ aláwàdà Òyìnbó ti jọ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1917, Eddie Cantor ṣe bí ọmọ rẹ̀ nínú eré, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́ nítòótọ́. W. C. Fields, tí òun náà jẹ́ ògbóǹtarìgì, gbà pé kò sí ẹni tí ó ń pani lẹ́rìn-ín tó Williams, ó sì tún gbà pé kò sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tó tirẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ pé nígbà tí àwọn eléré daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1919, ẹnikẹ́ni kò ta Williams lólobó. Ó dé ilé ìṣeré, ó múra, ó bọ́ sí ìta, ó sì bá ilé tí ó ṣófo. Bí eré bá parí lálẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ ilé oúnjẹ tí kò lè bá wọn wọ̀. Òun á lọ sílé rẹ̀ ní Harlem, sọ́dọ̀ Lottie ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Lottie tí wọ́n jọ ń tọ́, á sì mú ìwé rẹ̀.

Àwọn dúdú kan bínú sí i nígbà náà, wọ́n ní èédú ojú rẹ̀ ń mú kí àwọn Òyìnbó gbà pé òótọ́ ni èébú wọn. Booker T. Washington ní tirẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 1910 pé ohun tí Williams ṣe fún ìran dúdú ju èyí tí òun ṣe lọ.

Ní òpin oṣù kejì ọdún 1922, àìsàn kọ lù ú lórí ìtàgé ní ìlú Detroit, nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní Under the Bamboo Tree. Àwọn òǹwòran rò pé ara eré ni, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Ọmọ ọdún 47 ni. Àwọn Freemason tí ó jẹ́ Òyìnbó ni wọ́n ṣe ètò ìsìnkú rẹ̀, ohun tí a kò tíì rí irú rẹ̀ fún dúdú ní ìlú náà.

Nísinsìnyí, kí ni ìdájọ́ tèmi? Àwa tí a kọ́ nípa àwọn alárìnjó mọ̀ pé eégún apidán máa ń gbé ìrísí Ìdàhọ̀mì, ti Tápà àti ti Òyìnbó jáde láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Clapperton Òyìnbó wo irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, ó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni a ni agọ̀ tiwa, àwa ni a sì yan ẹni tí a ó fi ṣẹ̀fẹ̀. Agọ̀ tí Williams wọ̀, ẹlòmíràn ni ó rán an. Wọ́n ń fi aṣọ bo eégún tiwa kí ó lè ju ènìyàn lọ. Wọ́n fi èédú bo Williams kí ó lè kéré sí ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ọ̀nà mìíràn láti gun orí ìtàgé. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ohun tí ó fi sínú agọ̀ náà, ènìyàn gidi ni ó sì fi sí i: ẹni tí ebi ń pa, tí ọ̀rẹ́ ń rẹ́ jẹ, tí kò sì jẹ́ kí ìrètí tán.

Ní ọdún 1913, ó ṣe sinimá kan tí kò parí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà òde òní ní New York fi ohun tí ó kù nínú rẹ̀ han gbogbo ayé ní ọdún 2014. Williams nìkan ni ó kun èédú láàárín ọ̀pọ̀ dúdú tí ojú wọn mọ́ gaara, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń gun ẹṣin onígi ní ibi àríyá. Ní òpin rẹ̀, ó sin ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn délé, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Mo wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èédú wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wò ó kò ní rí i mọ́.